Deep cut nínú ráàpù: àwọn ìbéèrè tí wọn ò yéé bi wá, àti ìdáhùn wọn

Kí ni wọ́n ń pè ní deep cut gan-an?

Deep cut ni orin tó wà nínú àwo olórin tí gbogbo èèyàn mọ̀, àmọ́ tí orin ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò lókìkí. Wọn ò gbé e jáde ní single, ìyẹn orin tí wọ́n yọ lọ́tọ̀ látinú àwo láti fi polówó, wọn ò ya fídíò fún un, rédíò ò lù ú tó bẹ́ẹ̀, tí díjèè bá sì fi sí i níbi ìnáwó, èèyàn méjì péré ló máa dìde. Àmọ́ àwọn méjì yẹn á gbè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, wọn ò ní fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Olórin yẹn gbọ́dọ̀ ti lórúkọ. Àwọn orin ẹ̀ míì gbọ́dọ̀ ti bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, àwọn kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn, tí wọ́n ń gbé e kiri, tí wọ́n ń fi han ọ̀rẹ́. Tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ò bá sí, orin tí ayé gbàgbé ni, kì í ṣe deep cut.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní "cut"?

Látorí àwo dúdú ayé àtijọ́ ni. Ẹ̀rọ ló máa ń gé ojú àwo yẹn, ìlà tín-ín-rín tó ń yí po lójú ẹ̀ ni orin wà, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe orin kọ̀ọ̀kan ní cut. "Deep" wá ni pé ó wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn tí wọ́n tò síwájú.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Àwọn bàbá wa tó ń gbọ́ àpàlà àti fújì á ní "ẹ yí i sẹ́yìn jàre", wọ́n á ní ẹ̀yìn àwo yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá ń ṣàlàyé fún ẹni tí ò gbọ́ ráàpù rí, orin ẹ̀yìn àwo ni mo máa ń pe deep cut, kíá ló sì máa ń yé wọn. Ohun tó kàn yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àti fújì, orin kan ló máa ń lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan títí dé òpin ẹ̀, kò sí single tí wọ́n yọ lọ́tọ̀, apá ibi tó wọni lára ni kálukú ń dì mú.

Ṣé "deep" yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jinlẹ̀?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, mo sì mọ ohun tó ń fà á, torí tí Yorùbá bá ti gbọ́ deep, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, òwe, ìmọ̀, ẹ̀kọ́. Ibi tí orin wà nínú àwo là ń sọ níbí, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe wúwo tó. Orin tí olórin fi ń fọ́nnu lásán nípa bàtà ẹ̀ lè jẹ́ deep cut, èyí tó ń sọ̀rọ̀ ikú òun ìyè sì lè jẹ́ orin tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀.

Mo kàn gbà pé ìgbà púpọ̀ ni méjèèjì máa ń pàdé. Tí olórin bá mọ̀ pé orin yìí ò ní dé rédíò, ara máa ń tù ú, á sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ṣé gbogbo orin tí wọn ò gbé jáde ní single ni deep cut?

Rárá. Ẹ wo àwo *Illmatic* ti Nas tó jáde ní 1994. "N.Y. State of Mind" ò jẹ́ single rí, DJ Premier ló ṣe bíìtì ẹ̀, ìyẹn ìlù tí wọ́n ń ráàpù lé lórí, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbọ́ ráàpù dáadáa tí ò mọ̀ ọ́n, òun lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n mú orin kan nínú àwo yẹn. Ẹ ò lè pe ìyẹn ní deep cut láé.

Òmíràn: "How Much a Dollar Cost" ti Kendrick Lamar nínú *To Pimp a Butterfly*, 2015. Wọn ò ṣe é ní single. Ààrẹ Obama wá sọ lọ́dún yẹn pé òun lorin tóun fẹ́ràn jù lọ́dún náà. Tí Ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti dárúkọ orin yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀yìn àwo.

Ó dáa, iye èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó má tíì jẹ́ deep cut mọ́?

Kò sí iye kan. Àwọn kan máa ń lọ wo nọ́ńbà orí Spotify tí wọ́n á ní tó bá ti kọjá báyìí báyìí ó ti jáde nínú ẹ̀, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí orin tó kéré jù lọ́wọ́ Drake máa ju orin tó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ fíìfíì. Inú ilé olórin kan náà lẹ ti máa wò ó: tẹ́ ẹ bá to gbogbo orin ẹ̀ sórí ìlà látorí èyí táyé mọ̀ jù, ṣé apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lèyí wà? Tó bá wà níbẹ̀, táwọn kan sì ń jà fún un, ó ti tó.

B-side ńkọ́? Ṣé òun àti deep cut kì í ṣe ọ̀kan náà?

Wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ìbejì. B-side ni orin tí wọ́n fi sẹ́yìn single, òmíì lè máà sí nínú àwo rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ deep cut lóòótọ́. Àmọ́ nínú ráàpù, ẹ̀yìn ti já síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. "Who Shot Ya?" ti Biggie, ẹ̀yìn "Big Poppa" ló wà. "Hit 'Em Up" ti 2Pac, ẹ̀yìn "How Do U Want It" ló wà ní 1996, kó tó di pé wọ́n yìnbọn fún un ní September ọdún yẹn. Lónìí, ẹ lọ dúró sí Sángo n'Ìbàdàn kẹ́ ẹ ní kí ẹnikẹ́ni kọ orin 2Pac kan, ẹ máa rí i pé "Hit 'Em Up" ló máa kọ. B-side tó di ìjà tó dàrú mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́, deep cut kọ́ nìyẹn.

Ṣé olórin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lè ní deep cut?

Kò lè ní. Tí gbogbo orin ẹ̀ bá jẹ́ àìmọ̀, èwo ló wá bo èwo mọ́lẹ̀? Orin abẹ́lẹ̀ là ń pè é, underground, kì í sì í ṣe èébú. Àwọn ọmọ tó ń ráàpù ní Poly Ìbàdàn àti ní Bódìjà tí wọ́n dáńgájíá, orin wọn ò tíì di deep cut, ó kù díẹ̀.

Ibi tó dùn sí ni pé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá là, orin àtijọ́ ẹ̀ á di deep cut lójijì láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan orin náà. Eminem ṣe *Infinite* ní Detroit ní 1996, ẹ̀dà díẹ̀ ló tà, ará àdúgbò ló rà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, *The Slim Shady LP* jáde, gbogbo orin inú *Infinite* sì bọ́ sí ẹ̀yìn àwo lọ́jọ́ kan náà.

Mixtape (àkójọ orin tí olórin gbé jáde láìjẹ́ àwo gidi) àti freestyle (ráàpù tí wọ́n kàn ṣe lórí bíìtì tó bá wà nílẹ̀) ńkọ́?

Wọ́n wọlé. Mo tiẹ̀ máa sọ pé nínú ráàpù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ deep cut gidi wà, ju inú àwo lọ, ìyẹn sì ni ráàpù fi yàtọ̀ sí oríṣi orin míì. *Da Drought 3* ti Lil Wayne ní 2007, bíìtì àwọn ẹlòmíì ló gbà ráàpù lé lórí, ọ̀fẹ́ ló sì jáde. Nílé níbí, M.I ṣe *Illegal Music* ní 2009 lọ́nà yẹn náà. Ẹni tó bá jẹ́ pé *Talk About It* nìkan ló mọ̀ nípa M.I, kó lọ wá *Illegal Music* gbọ́, á rí i pé ọkùnrin yẹn ò tíì sọ gbogbo ohun tó lè ṣe fún un.

Intro (ìbẹ̀rẹ̀ àwo), outro (ìparí àwo), skit (eré ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín orin)?

Skit ò wọlé. Intro lè wọlé tó bá ní fáàsì gidi, ìyẹn ẹsẹ ráàpù, nínú. Outro wọlé dáadáa, ọ̀pọ̀ olórin ìparí àwo ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n sí.

Kí ló máa ń bo orin mọ́lẹ̀? Ṣé torí pé kò dáa tó ni?

Ìdí pọ̀. Gígùn wà níbẹ̀: "Sing About Me, I'm Dying of Thirst" ti Kendrick ju ìṣẹ́jú 12 lọ, rédíò wo ló fẹ́ fi ìṣẹ́jú 12 sílẹ̀ fún orin kan? Èdè àìmọ́ wà níbẹ̀. Pípọ̀ náà wà níbẹ̀, torí nígbà tí CD dé tó lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 80, àwọn olórin ráàpù ń dà á kún ni, *All Eyez on Me* ti 2Pac jẹ́ orin 27 lórí CD méjì. Ta ló máa gbọ́ orin 27 délẹ̀ kó tó sọ pé èyí tó wà ní 22 ló dùn jù?

Níbí, kásẹ́ẹ̀tì ló pa tiwa. Ẹni tó bá ti dàgbà tó mọ̀ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi á yá àwo tó ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á fi kásẹ́ẹ̀tì 60 gbà á sílẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, ọgbọ̀n lójú kejì, tí téèpù bá ti parí ó parí nìyẹn, "gbà" lẹ máa gbọ́, bọ́tìnì á fò sókè, olórin ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀. Gbogbo orin tó wà nípàrí àwo, ìlàjì fáàsì àkọ́kọ́ la mọ̀ nínú wọn. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún kí n tó gbọ́ bí àwọn kan nínú wọn ṣe parí, títí dòní tí mo bá ń gbọ́ wọn ọwọ́ mi ṣì máa ń retí "gbà" yẹn níbi tí téèpù ti já.

Orin tó jẹ́ deep cut l'Ámẹ́ríkà àmọ́ tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ ńkọ́?

Deep cut ní ìlú tiẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí dátà tó pọ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí 2010, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ní Àgbowó ló ń kó orin sí mẹ́mórì káàdì fún wa. Ẹ máa gbé fóònù fún wọn, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á yọ bátìrì kí wọ́n tó rí káàdì yọ, wọ́n á wá bi yín pé "fọ́rìn àbí Náíjà?" Ọmọkùnrin tí mo máa ń lọ bá ní fólídà ráàpù àtijọ́ kan, orin inú ẹ̀ ò ju ogójì lọ, kò sì sí èyí tó lórúkọ tó dájú, Track 04, Track 11, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ "Memory Lane" ti Nas. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè é ní Track 06, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé Track 06 wá, ẹ fi Track 06 sí i, tá a sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀.

Orin yẹn ò jẹ́ single rí. Àmọ́ torí pé ó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin kan, gbogbo ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lẹ́yìn Àgbowó ló mọ̀ ọ́n. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé ó jẹ́ deep cut, òótọ́ ló sọ. Tí mo bá sọ fún un pé hit ni lọ́dọ̀ wa, òótọ́ lèmi náà sọ.

Ráàpù Yorùbá náà ní deep cut, àbí ti òyìnbó nìkan ni?

Ó ní in rẹpẹtẹ, ó sì máa ń dùn mí pé tí wọ́n bá ti ń ṣe àríyànjiyàn deep cut, Nas àti Jay-Z ni wọ́n á sáré dárúkọ bí ẹni pé kò sí nǹkan nílé. Ẹ mú Dagrin. Gbogbo èèyàn mọ *C.E.O*, 2009, gbogbo èèyàn mọ "Pon Pon Pon", wọ́n mọ "Thank God" tóun àti Omawumi jọ ṣe. Ó kú ní April 2010, àwo yẹn ṣì wá gba ẹ̀bùn àwo ráàpù tó dáa jù ní Hip Hop World Awards lọ́dún yẹn. Àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ń bú sẹ́kún lórí ẹ̀ ló mọ̀ pé ó ti ṣe àwo ṣáájú ìyẹn, *Still on the Matter*? Ohùn ẹ̀ ò tíì gbó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, èdè ẹ̀ ṣì ń wá ibi tó máa jókòó sí, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mọ́ mi.

Olamide náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí, *YBNL* ti 2012 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn tí kò bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n mọ "Eni Duro" torí pé orin yẹn ló gbé Olamide jáde. Àmọ́ "Eni Duro" wà nínú *Rapsodi*, 2011, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ ID Cabasa ní iléeṣẹ́ orin Coded Tunes, àwọn orin tó kù tó yí i ká níbẹ̀, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n jókòó sí títí dòní. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀léra wọn, ẹ máa gbọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ráàpù bí ẹni tí ebi ń pa.

Kí wọ́n sì má gbàgbé Lord of Ajasa. Ó ti ń fi Yorùbá ráàpù kó tó di ohun tó wọ́pọ̀, "Le Fenuso" nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn rántí. Ẹni tó bá lọ wá ìyókù iṣẹ́ ẹ̀ gbọ́ á rí ibi táwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ti mú nǹkan.

Fáàsì tí olórin kan ráàpù sínú orin ẹlòmíì, ṣé ìyẹn wọlé?

Ó wọlé tí orin ọ̀hún ò bá lókìkí. "Local Rappers" tí Reminisce, Olamide àti Phyno jọ ṣe ní 2015 ò wọlé, ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Orin tí ò sí lórí Spotify, Apple Music àti Boomplay, ṣé deep cut ni?

Àìrí yàtọ̀ sí àìmọ̀. *3 Feet High and Rising* ti De La Soul jáde ní 1989, ó sì di March 2023 kó tó dórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ àwọn orin ẹlòmíì tí wọ́n gé sínú ẹ̀. Ọdún gbọọrọ làwọn ọmọ kékeré ò fi rí i gbọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé "Me Myself and I" inú ẹ̀ jẹ́ deep cut.

Tiwa ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ orin tó jáde ní Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2012, orí búlọ́ọ̀gì nìkan ni wọ́n wà, ẹ tẹ líǹkì, ẹ dáunlóòdù. Líǹkì ti kú báyìí. Ibi tó kù tí orin bẹ́ẹ̀ wà ni inú mẹ́mórì káàdì àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da káàdì yẹn nù, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà níbẹ̀ síbòmíì.

Orin tí wọ́n kó pa mọ́ tí wọ́n wá gbé jáde lẹ́yìn náà?

Ó di ọwọ́ bó ṣe jáde. *The Lost Tapes* ti Nas, 2002, àwọn orin tó ṣẹ́ kù látinú iṣẹ́ *I Am...* àti *Stillmatic* ló wà níbẹ̀, òmíì ti jò síta tí wọ́n ti ń tà á lábẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn, deep cut pọ́ńbélé, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ló mọ̀ wọ́n. Àmọ́ orin tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ikú olórin pẹ̀lú fídíò àti ìpolówó, ìyẹn single lásán ni.

Tí orin bá wá dìde lórí TikTok lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́?

Ó ti kúrò ní deep cut, kò sì sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn kan, bí ẹni pé wọ́n wọ yàrá yín láìkànlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ orin. "The Box" ti Roddy Ricch, orin inú àwo lásán ni nígbà tí àwo yẹn jáde ní December 2019, àwọn tó ń gbọ́ ọ ló fa á yọ, ó sì lo ọ̀sẹ̀ 11 ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ó yára jù láti jẹ́ deep cut rí, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé kì í ṣe iléeṣẹ́ orin nìkan ló ń yan single mọ́.

Orin kan náà, ẹ̀dà méjì: ṣé èyí tí wọn ò mọ̀ lè jẹ́ deep cut?

Bẹ́ẹ̀ ni. Jay-Z ní "Dead Presidents" àti "Dead Presidents II", bíìtì kan náà, ohùn Nas kan náà tí wọ́n gé látinú "The World Is Yours", àmọ́ fáàsì ọ̀tọ̀. Èkejì ló wà nínú *Reasonable Doubt*, 1996, òun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti jáde tẹ́lẹ̀ ní single, ó sì wá di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Orin tó jẹ́ single tó wá padà di deep cut nìyẹn, tí ẹnì kan bá sì sọ pé òfin ò gbà á, ẹ ní kó kọ fáàsì àkọ́kọ́ ẹ̀ fún yín.

Ọ̀rẹ́ mi ní mi ò kì í ṣe olólùfẹ́ ráàpù torí mi ò mọ deep cut kankan.

Ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ẹni tó ní CD tàbí kọ̀ǹpútà nítòsí wa ló pinnu ẹ̀. Ẹ mú olórin kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ mú àwo ẹ̀ kan, ẹ gbọ́ ọ látorí orin kìíní dé èyí tó kẹ́yìn láìfò, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí ara yín tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ Ìwó Road láìmọ̀, tí ẹni tó jókòó tì yín sì ń wojú yín, ẹ ti rí tiyín.

Àwo tí gbogbo èèyàn mọ látòkè délẹ̀, bíi *Illmatic*, ṣé ó tiẹ̀ lè ní deep cut?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, a sì ti jà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nǹkan mẹ́wàá péré ló wà nínú àwo yẹn, ọ̀kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán, márùn-ún jẹ́ single. Ó ku mẹ́rin. "N.Y. State of Mind" ti kúrò. "Memory Lane" ti kúrò lójú ẹni tó bá ti gbé Àgbowó. "Represent" máa ń mú àwọn èèyàn fò sókè. Èyí tó ṣẹ́ kù ni "One Time 4 Your Mind", ìkẹjọ, Large Professor ló ṣe bíìtì ẹ̀, Nas ò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀, kò sọ ìtàn ńlá kan, ó kàn ń sọ bóun ṣe ń lo ọjọ́ òun bí ẹni jókòó síwájú ilé. Tí wọ́n bá dárúkọ orin àwo yẹn, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé. Òun ni mo mú.